Àgbọ̀n Àbúdù

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Kúbúrátù, ẹ má wulẹ̀ bú u. Ẹ ṣáà ti sọ níwájú rẹ̀ pé òun ni Hàbíbàt ọmọ rẹ̀ jọ. Ojú rẹ̀ á yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Obìnrin tó bá lóun fẹ́ yìn ín, tó ní ojú rẹ̀ lọmọ yìí gbé, ìjà ló rà yẹn. Kúbúrátù á gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, á ní kí onítọ̀hún dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà, kó wo àgbọ̀n rẹ̀ dáadáa, kó wá sọ fóun ibi tó ti rí irú àgbọ̀n bẹ́ẹ̀ lójú òun Kúbúrátù.

Télọ̀ ni ní Itamaga, ní Ìkòròdú, níbi tí ṣọ́ọ̀bù ti fara kan ṣọ́ọ̀bù débi pé ẹni tó ń ta bátìrì fóònù ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń gbọ́ gbogbo ohun tó bá ń bá kọ́sítọ́mà sọ. Yúnífọ́ọ̀mù iléèwé ló ń rán jù. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í sì í já àdéhùn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ burú. N kò ní tìtorí pé mò ń ròyìn rẹ̀ kí n wá sọ ọ́ di èèyàn jẹ́jẹ́. Láti ìgbà tí Hàbíbàt ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, ìyá rẹ̀ kò rán ẹ̀wù tí ọrùn rẹ̀ ga fún un rí. Híjáàbù rẹ̀ pàápàá, abẹ́ àgbọ̀n gan-an ló máa ń gé e sí, á wá fi pín-ìnì há a níbẹ̀, kí àgbọ̀n ọmọ lè yọ síta gbangba. Àwọn tí kò mọ̀ rò pé ó kàn fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni. Ẹ̀rí ló ń gbé kiri.

Ẹ̀pẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àbúdù Ọláògún, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ló ń wa ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò láti Ìkòròdú lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà náà. Òun àti Kúbúrátù ti mú ọjọ́ yìgì. Yìgì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí ibà kan dá Àbúdù dùbúlẹ̀ tí kò sì jẹ́ kó dìde mọ́. Oyún inú Kúbúrátù ti pé oṣù márùn-ún. Ẹ̀gbọ́n Àbúdù obìnrin, Fàlílátù, tí gbogbo ilé ń pè ní Àlàájà, olùkọ́ tí ohùn rẹ̀ ń ba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́rù láti òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, ló dúró níwájú àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn, tó ní òun kò mọ oyún kankan mọ́ àbúrò òun.

Àwọn Ọláògún yìí, ẹnu wọn ni àmì wọn. Eyín ìsàlẹ̀ wọn máa ń ṣáájú ti òkè ni, àgbọ̀n wọn á sì yọ síwájú. Nítorí náà, bí wọ́n bá bímọ sílé wọn, lọ́jọ́ kẹjọ, àgbà obìnrin ilé á ti ìka bọ oyin, á fi sí ọmọ náà lẹ́nu. Níbòmíràn, kí ọmọ lè tọ́ adùn wò ni. Lọ́dọ̀ tiwọn, wíwò ni wọ́n ń wò ó. Ìka á rin èrìgì òkè, á rin ti ìsàlẹ̀, bí ti ìsàlẹ̀ bá ṣáájú, gbogbo ilé á dúpẹ́. Wọn kì í fi ojú wò ó. Ìka ni wọ́n gbà gbọ́.

Nígbà tí Hàbíbàt pé ọjọ́ mẹ́jọ, Àlàájà wá sí Itamaga, ó ti ìka bọ oyin, ó fi wo ẹnu ọmọ náà títí ọmọ fi bú sẹ́kún. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù. Ó ní òun kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Kò dúró jẹun.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí eyín ọmọ ti pé, ti ìsàlẹ̀ ṣáájú ti òkè bí ẹni pé wọ́n tò ó bẹ́ẹ̀. Kúbúrátù pọ̀n ọ́n, ó wọkọ̀, ó gba Ìtọ́kín lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó sì gbé e kalẹ̀ sí àárín ilé wọn. Ìyá Àbúdù ṣì wà láyé nígbà náà. Arúgbó náà di àgbọ̀n ọmọ mú, ó sunkún, ó ní kí ọmọ máa jẹ́ Ọláògún. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gba orúkọ. Ṣùgbọ́n arúgbó náà kú, Àlàájà sì di àgbà obìnrin ilé. Ó ní òun ti fi ìka wò ó lẹ́ẹ̀kan, òun kò tún un wò mọ́. Gbogbo obìnrin tí wọ́n fẹ́ wọnú ilé yẹn, "ìyàwó" ló ń pè wọ́n. Kúbúrátù nìkan ló ń pè ní Ìyá Hàbíbàt, bí ẹni tí wọ́n jọ pàdé nínú ọkọ̀. Ó ń dun Kúbúrátù dénú eegun. Kò sí ọdún tí kì í gbé ọmọ lọ sí Ẹ̀pẹ́ nígbà Iléyá, kì í ṣe torí ẹran, torí kí Àlàájà lè máa rí àgbọ̀n náà kó sì máa rù.

Hàbíbàt fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bi í. Àgbọ̀n tí ìyá ń fi bá àna jà, òun ló ń gbé e lójú. Kò lè fi eyín iwájú gé búrẹ́dì, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló fi ń fà á ya. Bó bá ń jẹ indómì, ńṣe ló máa ń já bọ́ padà sínú abọ́, torí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ kì í pàdé. Bó bá sọ̀rọ̀ pẹ́, ìdí etí rẹ̀ á máa dùn ún. Níléèwé, Dúrọ́ọ̀ ni wọ́n ń pè é, dúrọ́ọ̀ tábìlì tí wọ́n fà síta tí wọn ò tì padà. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kó tó fi omijé sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ rí dókítà eyín. Kúbúrátù kò lè sọ pé rárá. Ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, ká má parọ́ mọ́ ọn.

Obìnrin ni dókítà tí wọ́n bá ní ọsibítù, Oríyọmí lorúkọ rẹ̀. Ó ya fọ́tò eegun orí Hàbíbàt láti ẹ̀gbẹ́, ó gbé e síwájú iná, ó ń fi bírò tọ́ka sí i. Ó ní ẹ wo eegun àgbọ̀n bó ṣe lọ síwájú. Ó ní eyín mọ̀ pé nǹkan kò rí bó ṣe yẹ, wọ́n sì ti ń gbìyànjú láti bò ó láti kékeré: ti ìsàlẹ̀ ti rọ̀gbọ̀kú sẹ́yìn, ti òkè ti na ara síwájú, kí wọ́n lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Bó bá jẹ́ wáyà nìkan, wáyà á tún ti ti òkè síwájú sí i, á fa ti ìsàlẹ̀ sẹ́yìn sí i, títí ti òkè á fi bo ti ìsàlẹ̀. Ẹnu á pàdé. Àgbọ̀n á dúró síbi tó wà. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ, wáyà á kọ́kọ́ ṣe òdìkejì rẹ̀: á mú eyín ìsàlẹ̀ dìde, á jẹ́ kó dúró ṣánṣán lórí eegun tó gbé e, á dá ti òkè náà padà sí ìdúró rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá gé eegun àgbọ̀n, tí wọ́n á sún un sẹ́yìn.

Dókítà yìí kò bo ọ̀rọ̀. Ó ní fún ọdún kan ààbọ̀ tí wáyà á fi máa mú eyín dìde, ẹnu Hàbíbàt á burú ju bó ṣe wà lọ, torí àwọn eyín tó ń bo àléébù náà á ti ṣíwọ́ bíbò ó. Ó ní ìyẹn kò gbọ́dọ̀ dẹ́rù bà wọ́n. Ó ní ti Hàbíbàt sì ti ju ohun tí wáyà nìkan lè ṣe lọ, pé bí wọ́n bá fi ipá tẹ eyín ìsàlẹ̀ sẹ́yìn jù, èrìgì iwájú lè sún kúrò lára wọn, kí gbòǹgbò máa hàn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Kúbúrátù bi í. Ó ní ṣé bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ náà, àgbọ̀n yìí á lọ. Dókítà rò pé ìdùnnú ló wà nínú ìbéèrè náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní á lọ pátápátá.

Hàbíbàt fi ọwọ́ bo ẹnu bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Iṣẹ́ abẹ ni mo fẹ́, mà."

Nítorí pé kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, ìyá ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé. Dókítà ní kí wọ́n mú un lọ sílé, kí wọ́n rò ó dáadáa, ọ̀nà méjèèjì ló wà nínú rẹ̀, kí wọ́n fi àmì sí èyí tí wọ́n bá fẹ́.

Kúbúrátù gbé ìwé náà sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọkàn rẹ̀ ń gbóná. Gbogbo ohun tó ń rò kò ju ojú Àlàájà lọ. Kí ló kù tóun máa gbé lọ sí Ẹ̀pẹ́ bí àgbọ̀n yìí bá lọ? Ó ń gbọ́ bí obìnrin náà á ṣe rẹ́rìn-ín, bó ṣe máa sọ fún gbogbo ilé pé ẹ wò ó, òun ti wí. Lọ́jọ́ karùn-ún, nígbà tí Hàbíbàt wà nínú yàrá ìdánwò níléèwé, ó fi àmì sí wáyà nìkan, ó fọwọ́ sí i, ó gbé e lọ sí ọsibítù fúnra rẹ̀, ó sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé ohun tí ọmọ òun fẹ́ nìyẹn. Nígbà tó délé, ó sọ fún Hàbíbàt pé òun ti fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ. Ọmọ dì mọ́ ọn. Ó jẹ́ kó dì mọ́ òun. Ìwọ̀n ìgboyà yẹn ń bí mi nínú títí di òní.

Ó wá bọ́ sí àkókò tó bá a lára mu. Nínú oṣù náà gan-an ni Dókítà Oríyọmí jápa lọ sí Kánádà. Fáìlì Hàbíbàt bọ́ sọ́wọ́ dókítà mìíràn tó ń jẹ́ Israel, ọmọkùnrin tí àwọn tó ń dúró dè é máa ń tò dé ẹnu ọ̀nà. Ó wo ìwé, ó rí ìfọwọ́sí, ó so wáyà mọ́ eyín. Kò bi ọmọ ní nǹkan kan. Bí Hàbíbàt bá bi í pé báwo ni, á ní ó ń lọ dáadáa, òótọ́ sì ni, ohun tó wà nínú ìwé ń lọ dáadáa. Ó fún un ní rọ́bà tín-tín-tín tó máa ń fi kọ́ eyín òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀, kó máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọmọ ń ṣe é bí ẹni ń ṣe ìbàdà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń fa eyín ara rẹ̀ sẹ́yìn, kò sì mọ̀.

Oṣù ń gorí oṣù, ẹnu ń pàdé. Hàbíbàt wo dígí, ó ní, "Màámi, ṣebí dókítà ní á kọ́kọ́ burú ni?" Kúbúrátù ní dókítà kì í ṣe Ọlọ́run. Bó bá béèrè ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ìyá á ní àwọn dókítà ti tún dá iṣẹ́ sílẹ̀, á ní kó ní sùúrù, á ní kó má máa da ìbéèrè bo àwọn èèyàn níbẹ̀ kí wọ́n má bàa kórìíra rẹ̀. Nígbà tó fi máa pé ọdún kan àti oṣù mẹ́wàá, eyín òkè ti bo ti ìsàlẹ̀. Àgbọ̀n ṣì yọ síwájú gbọingbọin. Kúbúrátù ń wò ó láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn pé òun ti gbọ́n ju gbogbo wọn lọ. Èrìgì iwájú eyín méjì nísàlẹ̀ ti ń lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó rí i, ó ní kó máa fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́.

Ìgbà náà ni ìyàwó Ṣàmsúdéènì, ọmọ Àlàájà, bímọ ní Ẹ̀pẹ́. Wùnmí lorúkọ ìyàwó náà, ọmọlúàbí ni. Òun ló pè wọ́n sí ìsọmọlórúkọ. Kúbúrátù rán ẹ̀wù tuntun fún Hàbíbàt, ọrùn rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti ìgbàkígbà rí lọ, ó gé híjáàbù tuntun, ó sì há a sábẹ́ àgbọ̀n bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Nínú ọkọ̀, kí wọ́n tó dé Ẹjìnrìn, ó ti tún pín-ìnì náà há lẹ́ẹ̀mẹta. Hàbíbàt, tó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, gbé ojú sókè fún un. Ó ti mọ ohun tí wọ́n ń gbé òun lọ ṣe.

Àlàájà jókòó láàárín pálọ̀ pẹ̀lú àwo oyin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo ẹnu ọmọ tuntun, ó ní ó dára, gbogbo ilé dúpẹ́. Ibẹ̀ ni Kúbúrátù kò ti lè pa ẹnu mọ́. Ó ní ó mà ṣe o, pé kò tó ìṣẹ́jú kan tí ìka fi rí ti ọmọ yìí, nígbà tí ìka kan náà fọ́jú lẹ́nu ọmọ Àbúdù. Ó sọ ọ́ sókè kí àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà lè gbọ́.

Àlàájà kò bínú. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó ba Kúbúrátù lẹ́rù. Ó ní kí wọ́n bu omi wá, ó fọ ọwọ́, ó ní kí Hàbíbàt wá jókòó níwájú òun. Ó ní bóyá òun ṣi í wò lóòótọ́ nígbà náà, pé ọmọ kékeré ni, èrìgì sì rọ̀. Ó ní ó ti dàgbà báyìí, kí òun tún un wò lójú gbogbo ayé. Hàbíbàt wo ìyá rẹ̀. Ìyá mi orí sí i pé kó lọ. Ẹ dákun, ẹ bá mi wo orí obìnrin yìí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ń gbé àgbọ̀n lọ síwájú ẹni tí kì í wo àgbọ̀n. Eyín tó jẹ́ ẹ̀rí gan-an ni wọ́n ti fi wáyà fà sẹ́yìn, pẹ̀lú ìfọwọ́sí rẹ̀, kò sì rántí títí ìka obìnrin náà fi wọnú ẹnu ọmọ rẹ̀.

Ìka rin òkè. Ìka rin ìsàlẹ̀. Àlàájà yọ ọ́, ó ní, "Ti òkè ló ṣáájú. Mo ti wí."

Ẹnìkan pòṣé lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé rẹ́rìn-ín kékeré. Ẹ̀jẹ̀ gun orí Kúbúrátù. Kò rò ó wò, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì.

Ó ní, "Wáyà ló ṣe é! Ti ìsàlẹ̀ ló ṣáájú láti ọjọ́ tó ti hu eyín. Èmi ni mo ní kí wọ́n fà á sẹ́yìn, kí wọ́n má bàa gé àgbọ̀n Àbúdù kúrò lójú rẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ sí i."

Ó sọ ọ́ tán kó tó mọ ohun tó sọ.

Àlàájà tún ti ìka bọ ẹnu Hàbíbàt. Lọ́tẹ̀ yìí ó pẹ́. Ó fi orí ìka tẹ ẹ̀yìn eyín ìsàlẹ̀, ó gba iwájú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ dé ibi tí èrìgì ti sún kúrò, Hàbíbàt sì mí kanlẹ̀ torí ó dùn ún. Ojú Àlàájà yí padà. Olùkọ́ ni, ó mọ ohun tí wọ́n bá fi ipá tẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ó ní, "Eyín wọ̀nyí ò dùbúlẹ̀ fúnra wọn. Ẹnìkan ló tẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá dìde dúró, wọ́n á ṣáájú." Ó gbé ojú sókè sí gbogbo ilé. "Ọmọ wa ni. Ta ló wá ṣe ọmọ wa báyìí?"

Ọ̀rọ̀ tí Kúbúrátù ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Ó yẹ kó kúnlẹ̀, kó yọ̀. Ṣùgbọ́n Hàbíbàt ti yíjú sí i.

Ó ní, "Màámi, ìwé wo lẹ fọwọ́ sí?"

Kúbúrátù ní kí wọ́n dé ilé ná. Hàbíbàt tún un bi. Ìyá ní àárín èrò kọ́ nìyí. Ọmọ náà fa pín-ìnì abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ yọ, ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Kò pariwo. Ó ní ọdún méjì lòun fi ń jí lówùúrọ̀ tí òun ń fi rọ́bà kọ́ eyín, tí òun ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá òun nínú àdúrà. Ó ní, "Ẹnu mi lẹ fi ń bá wọn jà. Ẹ ò tiẹ̀ bi mí bóyá ó ń dùn mí."

Kò bá a padà sí Ìkòròdú. Kúbúrátù dúró lẹ́bàá géètì títí ọkọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó ń pe orúkọ rẹ̀, ó sì ń bú Àlàájà láàárín ìpè kan sí èkejì. Wùnmí ló wá bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ.

Láti ìgbà náà ni ogun ti wà nílẹ̀. Kúbúrátù sọ fún gbogbo Itamaga pé wọ́n jí òun lọ́mọ gbé. Ó lọ sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, Hàbíbàt kò jáde sí i. Ó pe fóònù rẹ̀, kò gbé e. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí Àlàájà lórí fóònù, ohùn tí n kò lè tún sọ níbí, Àlàájà kò sì dá a lóhùn. Wùnmí nìkan ló máa ń sọ bí nǹkan ṣe ń lọ fún un. Ó ní wọ́n ti mú un lọ sí ọsibítù ńlá kan l'Ékòó, dókítà ibẹ̀ ní gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe ni wọ́n á tú. Ó ní wọ́n kọ́kọ́ bu ẹran láti àjà ẹnu rẹ̀, wọ́n fi lẹ ibi tí èrìgì ti sún, kí wọ́n tó lè mú eyín padà dìde. Ó ní bí eyín ṣe ń dìde, ẹnu ń burú, ó burú ju ti ìgbà tí wọ́n ń pè é ní Dúrọ́ọ̀ lọ, tí Àlàájà sì ń bá a rìn la Ẹ̀pẹ́ já ní ọ̀sán gangan, tí kò jẹ́ kó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Kúbúrátù fi ìgbéraga béèrè bóyá Àlàájà á wá jẹ́ kí wọ́n gé àgbọ̀n náà báyìí. Wùnmí ní àwọn ti bi í. Ó ní Àlàájà sọ pé ìka òun ti mọ ọmọ náà, kí lòun tún fẹ́ fi àgbọ̀n ṣe.

Kúbúrátù ń rán kọ́là ẹ̀wù iléèwé lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ìyẹn. Ó rán an mọ́ apá.

Lẹ́yìn bí ọdún méjì, iṣẹ́ abẹ ti kọjá lọ́sẹ̀ mẹ́rin kí wọ́n tó sọ fún un. Hàbíbàt ló ní kí wọ́n má sọ. Wùnmí ní Ọjọ́bọ̀ ni ó máa lọ rí dókítà, aago mẹ́wàá. Ní aago mẹ́jọ, Kúbúrátù ti wà níbẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn oníṣẹ́ abẹ, ó di báàgì mọ́ àyà. Nígbà tí aago mẹ́wàá kọjá tí kò sì rí i kó gba ibẹ̀ wọlé, ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun wá rí Hàbíbàt Ọláògún, pé òun ni ìyá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ṣí fáìlì. Ó ní ẹni tó dúró fún un gẹ́gẹ́ bí òbí ni Àlàájà Fàlílátù Ọláògún, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ gbé fúláàsì ẹ̀kọ nínú ọkọ̀ ni, òun nìkan sì ni orúkọ rẹ̀ wà níwèé.

Kúbúrátù ti la ẹnu láti jà. Ẹ mọ̀ ọ́n báyìí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti gbé ojú sókè, ó wò ó, ó bojú wo inú yàrá lọ́hùn-ún, ó tún wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Mi ò tún béèrè ìwé mọ́. Ojú kan náà lẹ gbé, ẹ wọlé."

Kúbúrátù wọlé. Ọmọbìnrin kan jókòó lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, híjáàbù rẹ̀ bo ọrùn rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ti ẹlòmíràn, ojú tó yí padà sí i sì jẹ́ ojú tirẹ̀, ojú Kúbúrátù fúnra rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlélógún tí Àbúdù kọ́kọ́ rí i ní èbúté: ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ètè rẹ̀, àgbọ̀n kékeré tí kò ṣáájú nǹkan kan. Ojú náà ti wà níbẹ̀ láti ìgbà yìí wá. Kúbúrátù ló ti bá gbogbo èèyàn jà kí wọ́n má bàa rí i.

Rọ́bà ṣì so eyín Hàbíbàt pọ̀, kò lè sọ̀rọ̀ tó nǹkan. Ó wo ìyá rẹ̀ dáadáa, bí ẹni tó fẹ́ dá ènìyàn mọ̀. Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí fèrèsé.

Ẹsẹ̀ dún lẹ́yìn. Àlàájà ló wọlé pẹ̀lú fúláàsì lọ́wọ́, ó ti darúgbó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó dúró, ó wo àwọn méjèèjì, ó sì rọra fọwọ́ kan Kúbúrátù ní èjìká.

Ó ní, "Ìyàwó, o káàbọ̀. Jọ̀ọ́, fún un láàyè díẹ̀. Ó ní òun ò tíì fẹ́ rí ẹ."

Ọdún mọ́kànlélógún ni Kúbúrátù ti ń retí kí obìnrin yìí pe òun ní ìyàwó. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó dìde, ó jáde, ó sì jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ọmọ rẹ̀ kò ti ní rí i.